Adúróde àti Ife Karùn-ún

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kejì mi nídìí máṣíìnì,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Màámi ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń jí ṣọ́ọ̀kì wa fi ya àwòrán sílẹ̀? Ìyá Ìránṣọ, ọ̀gá wa, ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń fi rúlà gbá tábìlì bí ẹnikẹ́ni bá rán apá òsì ẹ̀wù mọ́ ọ̀tún? Bá mi kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé èmi Jẹ́jẹ́ wọn ò tíì gbàgbé iṣẹ́, pé máṣíìnì mi ti rí ibi tó dára jókòó sí. Bó ṣe débẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín pa mí níbi tí o ti bi mí pé ṣé ẹnu mi ti là nílé ọkọ, àbí wọ́n ṣì ń rò pé odi ni wọ́n gbé wálé. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló gbé mi dìde kọ̀wé yìí. Jókòó kí o tó ka ìyókù, má sì kà á sókè létí Màámi, nítorí ẹ̀rù lè bà wọ́n.

Ọkọ mi ń ṣe dáadáa sí mi o. Ẹni jẹ́jẹ́ ni òun náà. Bó bá ń gòkè bọ̀ láti ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí tàdáwà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgúnpá ló fi ń ti ìlẹ̀kùn kó má bàa kó àbàwọ́n bá aṣọ oníbàárà mi. Ṣùgbọ́n onítìjú méjì la pàdé ara wa. Ní oṣù àkọ́kọ́, bí mo bá ti ní, "Ẹ káàbọ̀," tí òun náà ní, "O ṣeun," a ti sọ̀rọ̀ tán nìyẹn di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun kan wà nínú ilé yìí tí wọn ò sọ fún mi. Yàrá mẹ́ta ló wà lókè: tiwa, ti ìyá ọkọ mi, àti èyí tó wà láàárín, tó máa ń wà ní títì. Ọrùn Ìyá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá rò pé oorun ti gbé mi lọ, wọ́n á wọ ibẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń gbọ́ bí irin bẹ́ẹ̀dì náà ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ lọ dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Kò dára, mo mọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí gbọ́: "Ṣé òjò ò pa ọ́ níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, oòrùn ń ràn ganrínganrín lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó mú wa mọ ara wa ló sọ ọ́ fún mi. Nínú ilé níbí, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ létí mi rí. Àwòrán rẹ̀ ò sí lára ògiri. Ìṣó ló wà níbẹ̀, àti ojú ibi kan tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí wọn ò bá lè sọ ti ọmọ yìí fún mi, àlejò ni mo máa jẹ́ títí. Mo ń sùn nínú ilé, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì dúró sí pẹ̀lú ẹrù mi lórí.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń hàn jù. Bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, àwọn mẹ́ta máa ń wá bá ọkọ mi ṣeré nídìí tábìlì ńlá tí wọ́n ti ń ká ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà ìṣirò, ọkùnrin gíga kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀kẹta ni onígbàjámọ̀ tó wà níkangun òpópónà wa. Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, mi ò sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ìyá ló ń gbé ife tíì kalẹ̀ fún wọn. Èèyàn mẹ́rin, ife márùn-ún. Ní Ọjọ́ Àìkú tí mo kọ́kọ́ bá níbí, mo rò pé tèmi ni ìkarùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo ti nawọ́ mú un. Ìyá rọra gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, tìrẹ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Wọ́n sì gbé e padà síwájú àga kan tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, mi ò bá bẹ́ sí i. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń palẹ̀ ife mọ́ bí wọ́n bá ṣeré tán. Mẹ́rin á ti gbẹ. Ìkarùn-ún á kún bí wọ́n ṣe bù ú, á ti tutù, èmi ni màá dà á nù.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà, nítorí a ò ṣe irú ẹ̀ rí. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe káàdì, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ ẹnìkan. Tíṣà ló ń sọ ìtàn. Àwọn yòókù, oníkálukú ní ẹni tó jẹ́ nínú ìtàn náà. Oníkálukú ti kọ ẹni tirẹ̀ sí ojú ìwé kan: bó ṣe rí, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó ń wá. Tíṣà á ní, "Ẹ dé etí odò, ẹ rí iná lókèèrè. Kí lẹ máa ṣe?" Oníkálukú á sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ ṣe, wọ́n á wá ta dáìsì kan tó lójú ogún, láti mọ̀ bóyá nǹkan náà bọ́ sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé abàmì ni wọ́n ń jẹ́. Kì í ṣe ọdẹ tó ń pa abàmì o, abàmì gan-an. Ìkookò tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ni Aláriwo. Nọ́ọ̀sì jẹ́ èèyàn lókè, ejò nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ló sì ń bà á lẹ́rù jù láyé. Ó ní, "Èmi tí mò ń gún gbogbo èèyàn lábẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n mọ bó ṣe ń rí lára wọn." Nínú ìtàn wọn, gbogbo ìlú ló ń lé abàmì. Ilé kankan kì í gbà wọ́n, àfi bí ọmọ èèyàn kan bá ti inú ilé ṣílẹ̀kùn, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Wọlé." Ọkọ mi ni ọmọ èèyàn ọ̀hún, òun nìkan láàárín wọn. Aṣílẹ̀kùn ni orúkọ rẹ̀ nínú eré.

Àmọ́ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì níbi tí mo ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, mo ṣàkíyèsí pé Aṣílẹ̀kùn yìí kì í ṣílẹ̀kùn. Inú igbó ni wọ́n ń sùn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ súnmọ́ ilé kan, ọkọ mi á ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà míì." Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, títí kan Aláriwo.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àfi bí Nọ́ọ̀sì ṣe ká kọ́tìnnì mi sókè lójijì.

"Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́. Etí rẹ á ti gùn. Wá bá wa jókòó."

Mo ní mi ò mọ̀wé, pé ìwé mẹ́fà ni mo kà.

"Ta ló mọ̀wé níbí? Wo Aláriwo. Ó kọ ìkookò, ó gbàgbé láti fún un ní irun."

"Mi ò gbàgbé," Aláriwo dáhùn. "Mo gẹ̀ ẹ́ ni. Ìkookò tó bá mọ èmi, ṣé ó tún yẹ kó rí jákujàku?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Tó bá wù ọ́." Nọ́ọ̀sì fa dúróà tábìlì, ó mú páàdì ìwé kan jáde tí eruku ti bò, ó já ojú ìwé tó wà lókè pátápátá fún mi. Wọ́n ní kí n lọ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ abàmì tèmi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ìgéṣọ. Mi ò mọ ohun tí màá kọ. Mò ń fọwọ́ pa á bí a ṣe máa ń pa aṣọ tuntun, ni mo bá rí i pé ojú rẹ̀ ò dán. Àwọn ipa kan jinlẹ̀ sínú rẹ̀, bí ipa kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí a fi ń tẹ pátánì mọ́ aṣọ. O rántí ohun tí Ìyá Ìránṣọ kọ́ wa: bí ipa bá wà lára aṣọ tí ojú ò rí i, dá ṣọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, fi nù ún, á jáde. Mo mú ṣọ́ọ̀kì búlúù, mo rọra fi nù ún. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, funfun láàárín búlúù.

Inú mi dùn! Mo ní áà, àwọn èèyàn yìí mà láàánú, wọ́n ti tẹ pátánì sílẹ̀ de ẹni tí kò mọ̀wé. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo tẹ̀ lé e ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ̀ lé ipa ọrùn ẹ̀wù. Ohun tó jáde nìyí. Adúróde ni orúkọ rẹ̀. Ó ga tó férémù ìlẹ̀kùn. Awọ rẹ̀ dà bíi pákó tí òjò pa. Kò lẹ́nu, ohùn tó bá gbọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n pa àtùpà nígbà tó bá ń bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó ń wá, kò sí nǹkan kan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì nù ún títí, ó dán bọ̀rọ́. Mo ní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo bá kọ ti inú ara mi síbẹ̀: Ó fẹ́ kí wọ́n ní kó wọlé. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mo dìde láti ti fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní títì tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Tíṣà ní kí n ka abàmì mi. Mo dìde dúró bí ọmọ iléèwé, mo ka orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo rò pé ohùn mi ni kò jáde, ni mo bá tún un kà. Aláriwo ti gbé bísíkíìtì dé ẹnu, ó dúró bẹ́ẹ̀. Kí n tó ka ibi tí kò ti lẹ́nu tán, ọkọ mi ti dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

Kò pariwo o. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n máà bínú, mo sọ ti ṣọ́ọ̀kì, mo sọ ti pátánì, mo na ìka mi tó ṣì búlúù sí wọn.

"Aránṣọ!" Aláriwo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lọ́fun.

Nọ́ọ̀sì gba ìwé náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo fà á. Páàdì yìí náà ló kọ tirẹ̀ sí. Ipa ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára eléyìí."

Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìyá yọ sí wa láti kíṣìnì. Wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n ṣí yàrá àárín, wọ́n mú ojú ìwé kan bọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi, bákan náà ni, dé orí bó ṣe máa ń ká ìrù lẹ́tà rẹ̀. Ìlà ìkẹyìn ló ṣófo nínú tirẹ̀. Tíṣà ní, "Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa kọ ìyẹn."

Mo rò pé wọ́n máa fa tèmi ya. Tíṣà náà bèèrè: "Ṣé ká ya á, àbí ká ṣe é?" Ojú ọkọ mi ló ń wò. Ìyá ló dáhùn. Wọ́n ní, "Ibi tí ẹ fi í sí, níbẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní òjò ń rọ̀. Ó ní ilé kan wà lẹ́yìn afárá, Ìkookò wà nínú ilé, Ejò wà nínú ilé, Aṣílẹ̀kùn wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Adúróde nìkan ló wà níta. Ó yíjú sí mi: "Kí ni Adúróde sọ?"

Mi ò ní ohùn, ìwọ náà mọ̀ mí. Adúróde náà ò sì lẹ́nu. Ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló ní. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni èmi gbọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, mi ò sì rí òmíràn mú. Mo lanu, ó jáde:

"Ṣé òjò ò pa ọ́ níbẹ̀?"

Ife bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi jókòó wọ̀ọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, tábìlì ló ń sọ ọ́ fún, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní Ọjọ́ Àìkú tí àbúrò òun ṣeré kẹ́yìn, ibi tí wọ́n dé gan-an nìyí. Òun ti ṣílẹ̀kùn fún Ìkookò, òun ti ṣí fún Ejò. Tíṣà ti ń kó dáìsì nílẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí fún mi ká tó tú ká." Ọkọ mi fi ṣe àwàdà. Ó ní, "Dúró síta di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Abàmì bíi tìẹ, òjò wo ló fẹ́ pa ọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gan-an rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Ajé ni ibà gbé e dè. Kò rí Ọjọ́ Àìkú míì.

Ọkọ mi ní, "Mo fi í síta. Ọdún méjì, ó wà níta."

Tíṣà fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé ìlẹ̀kùn náà ti dípẹtà, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi mú dáìsì, ó tà á. Dáìsì yí, ó yí, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ àga òfìfo yẹn lọ. A gbọ́ tó ṣì ń yí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ju bó ṣe yẹ lọ. Aláriwo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Má wò ó," ọkọ mi ní. Ó gbójú sókè, ojú mi ló ń wò, àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan ló ń wò. "Mo ti ṣí i. Wọlé. Jọ̀ọ́, wọlé."

Tíṣà ní, "Ó ṣí."

Mo ní, "Adúróde wọlé." Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fọwọ́ kàn mí láìjẹ́ pé wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Nọ́ọ̀sì dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ìyàwó, ohùn ta lo fi sọ̀rọ̀ yẹn?" Mo ní ti Ìyá ni. Ó mi orí. Ó ní, "Kì í ṣe ohùn Ìyá ni èmi gbọ́." Ó so gèlè rẹ̀ le, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ní ti dáìsì, mo gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga kúrò, mo gbé tábìlì kúrò. Mi ò rí i títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú náà, ọkọ mi sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń jí tàdáwà rẹ̀ fi kun èékánná. Àwòrán rẹ̀ ti padà sórí ìṣó. Eyín rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ó wù mí. Yàrá àárín ti ṣí, Ìyá ló ní kí n gbé máṣíìnì mi síbẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún ojú. Òótọ́ ni, ó dára. Nígbà míì tí mo bá ń rán aṣọ, tí Ìyá wà nísàlẹ̀, irin bẹ́ẹ̀dì á dún lẹ́yìn mi bíi pé ẹnìkan jókòó. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Ní báyìí, mo máa ń kí i. Màá ní, "Ẹ ń wò mí ni? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rán an wọ́." Títí di báyìí, mi ò tíì tú ojú ìrán kan.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá gbé tíréè ife wọlé. Mo kà á, mo tún un kà. Mẹ́fà ni. Wọ́n gbé ọ̀kan síwájú mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, mu tìrẹ kó tó tutù." Wọ́n gbé ìkẹfà síwájú àga òfìfo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi sún àga tirẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo wa lè gbà. A ṣeré títí, Aṣílẹ̀kùn ṣí ilé méjì, Aláriwo sì sọ pé ìkookò òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sùn sórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo palẹ̀ ife mọ́ bí iṣẹ́ mi. Mo gbé wọn dé síǹkì, mo wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè da èyí tó kún nù.

Gbogbo wọn ló gbẹ.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo fọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo dojú wọn dé.

Nítorí náà, sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi ọ́ pé inú mi dùn, pé ọkọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí títí tí ọ̀rọ̀ fi ń rẹ̀ mí. Bá mi kí Màámi, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó orúnkún náà. Kí àwọn àbúrò rẹ. Bí o bá rí ṣọ́ọ̀kì búlúù rà, fi méjì ránṣẹ́ sí mi, tèmi ti tán. Ìgbà tí o bá ráyè wá, má kan ìlẹ̀kùn pẹ́. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síta mọ́.

O bi mí pé ṣé ẹnu mi ti là. Ó ti là, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò kàn mọ̀ dájú pé tèmi nìkan ló là.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Jẹ́jẹ́, ìyàwó atẹ̀wé.